Bí Òṣìṣẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì Ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Yan Adójútòfò Tí Yóò Ti Medicare Lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ rò pé tí káàdì Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65, bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwòsàn ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Medicare máa ń san èyí tó pọ̀ jù, yóò sì fi ìyókù sí aláìsàn lọ́rùn, ìyókù yẹn kò sì ní gbèdéke. Òun ni wọ́n ṣe ń ra adójútòfò àfikún. Ẹni tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbáà ṣe tíṣà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, alásè tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ kíláàsì, ní ọ̀nà kan tí àwọn ẹlòmíì kò ní: àjọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣiṣẹ́ lè ní ètò ìlera tirẹ̀ fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó burú jù ti ń ṣẹlẹ̀, torí àwọn ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti tì, wọn kì í sábà ṣí mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yàn, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn wo nìyẹn.

Iye owó Medicare tí a kọ síbí jẹ́ ti ọdún 2026. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i pé Medicare fúnra rẹ̀ ti dúró

Kò sí àfikún tó wúlò bí Part A àti Part B kò bá tíì sí lọ́wọ́ yín. Part A ló ń sanwó tí wọ́n bá dá yín dúró sí ilé ìwòsàn. Part B ló ń san ti dókítà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú tí ẹ gbà tí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Part D ni ti oògùn.

Ẹni tó ti san owó orí Medicare fún ọdún 10, èyí tí Social Security (àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀) ń kà sí kọ́tà 40, kì í san kọ́bọ̀ lóṣù fún Part A. Ibi méjì ni èyí ti ń há àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Texas, Ohio àti Illinois, ọ̀pọ̀ tíṣà kò sí lábẹ́ Social Security, ẹni tí wọ́n sì gbà síṣẹ́ kí April 1986 tó dé lè má san owó orí Medicare rárá lórí iṣẹ́ náà. Ìkejì kan àwọn èèyàn wa tó dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ kíṣìnì tàbí olùrànlọ́wọ́ tíṣà fún ọdún mẹ́fà, méje: kọ́tà wọn kò pé. Tí tiyín kò bá pé, ẹ wo ti ọkọ tàbí ìyàwó yín. Bí tirẹ̀ bá pé 40, tó sì ti pé ẹni ọdún 62, ẹ lè gba Part A lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Tí ìyẹn náà kò bá sí, ẹni tó ní kọ́tà 30 sí 39 yóò máa san $311 lóṣù, ẹni tí tirẹ̀ kò tó 30 yóò máa san $565. Ẹ ṣí àkáùntì yín ní ssa.gov, kí ẹ ka kọ́tà yín níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì sí ìgbà tí ẹ fẹ́ fẹ̀yìntì. Nígbà yẹn, ẹ ṣì lè fi iṣẹ́ díẹ̀ kún un kó lè pé.

Part B jẹ́ $202.90 lóṣù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí owó tó wọlé fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn bá ju $109,000 lọ, tàbí $218,000 fún tọkọtaya tó jọ ń san owó orí, yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì sẹ́yìn lẹ ṣì ń gba owó oṣù pípé, owó ìfẹ̀yìntì lẹ sì ń gbà báyìí. Tí wọ́n bá torí owó ìgbà yẹn bu owó gọbọi lé e yín, ẹ kọ fọ́ọ̀mù SSA-44 sí Social Security, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdí tí wọ́n fi lè dín in kù.

Oṣù 7 ni àkókò ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́: oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù tí ẹ máa pé 65, oṣù náà gan-an, àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó pé 65, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ń bá a san adójútòfò, lè dúró. Tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, oṣù 8 ló ní láti gba Part B láìsí ìtanràn. Bákan náà ni fún ẹni tó wà lábẹ́ adójútòfò ọkọ tàbí ìyàwó tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù méjì lẹ máa kọ: CMS-40B, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ, àti CMS-L564, èyí tí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ máa fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ lẹ fi ní adójútòfò yẹn. Ọ́fíìsì kan lè fi fọ́ọ̀mù kejì yìí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fún wọn kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka eléyìí lẹ́ẹ̀mejì: COBRA, ìyẹn adójútòfò iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ ń fi owó ara yín san lẹ́yìn tí ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe adójútòfò ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ètò ìlera àwọn tó ti fẹ̀yìntì náà kì í ṣe é. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí tàbí ọjọ́ tí adójútòfò iṣẹ́ parí, èyí tó bá ṣáájú, ni oṣù 8 yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bí ẹ tilẹ̀ ń san COBRA lọ́wọ́ ní oṣooṣù. Ẹni tó bá jẹ́ kí oṣù 8 náà kọjá yóò dúró di January sí March, yóò sì san ìtanràn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún pípé kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́. Ẹni tó pẹ́ ọdún méjì yóò máa fi ohun tó lé díẹ̀ ní $40 kún Part B rẹ̀ lóṣooṣù, títí ayé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ àlàfo tí ẹ fẹ́ dí

Ẹ jẹ́ ká mú màmá kan tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí egungun ìbàdí tó ṣẹ́, tí kò sì ní àfikún kankan. Part A ní kó kọ́kọ́ fi $1,736 sílẹ̀ kí òun tó dá sí i. Owó dókítà oníṣẹ́ abẹ àti ti dókítà tó fún un ní oògùn oorun, ká ní Medicare gbà pé ó jẹ́ $4,000 lápapọ̀, wà lábẹ́ Part B. Màmá máa kọ́kọ́ san $283 tí Part B ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ku $3,717. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn jẹ́ $743.40. Àpapọ̀ ohun tó jáde lápò màmá jẹ́ $2,762.40. Bí ẹsẹ̀ kejì bá sì gbé e padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè tún san $1,736 náà, torí ọdún kọ́ ni wọ́n fi ń ka ti Part A. Tí aláìsàn bá ti lo ọjọ́ 60 léraléra láìsí ìtọ́jú ilé ìwòsàn, sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdá 20 yẹn ló yẹ kó bani lẹ́rù jù. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí ìfọ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ lè sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, Medicare lásán kò sì ní ibi tó ti máa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun kan wà tí àfikún kankan kì í dí: ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn ẹni tó ń bá arúgbó wẹ̀, tó ń bọ́ ọ, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bíi pé ó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pe àjọ owó ìfẹ̀yìntì yín kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn

Ètò náà kò rí bákan náà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní Texas, TRS-Care ni tàwọn tó fẹ̀yìntì lábẹ́ Teacher Retirement System, irú Medicare Advantage (ètò tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń ṣe dípò Medicare ìjọba) ni fún àwọn tó ti wọ Medicare. Ní Pennsylvania, PSERS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ní ètò tí wọ́n ń pè ní Health Options Program, èyí tó ní Medicare Advantage àti irú èyí tó kàn ń ti Medicare lẹ́yìn. PSERS tún ń fún àwọn tó yẹ ní ìrànwọ́ tó lè tó $100 lóṣù lórí owó ìlera, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ ra tirẹ̀ lọ́jà kì í rí i gbà. Ní Ohio, àjọ méjì ló wà: STRS fún tíṣà, SERS fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ní Maryland, ìjọba ẹ̀kọ́ káńtì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ti àwọn èèyàn tirẹ̀, nítorí náà ohun tí aládùúgbò yín ń gbà ní káńtì kejì lè má kàn yín.

Ẹ ní bébà àti bírò lọ́wọ́ tí ẹ bá ń pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn, orúkọ ẹni tó dáhùn àti ọjọ́ sílẹ̀. Ọdún mélòó ni mo fi ṣiṣẹ́ lójú ìwé yín, ṣé ó sì tó kí n wọlé? Èló ni màá san lóṣù, èló sì ni àjọ ń bá mi san? Ṣé Medicare Advantage ni àbí àfikún tó ń san lẹ́yìn Medicare? Ṣé oògùn wà nínú rẹ̀? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó tàbí ọkọ mi tí mo bá kú? Ẹ wá bi wọ́n ní èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí mo bá jáde, ṣé mo lè padà wọlé, ìgbà wo, nítorí kí ni? Ẹ ní kí wọ́n fi ìdáhùn èyí ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kò lè padà àfi tí ohun kan pàtó bá ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó padà láéláé. Tí òun bá sì jáde, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, Medicare ló ń kọ́kọ́ san, ètò ilé ẹ̀kọ́ á wá tẹ̀ lé e. Ètò ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣírò rẹ̀ bíi pé Part B ti san tirẹ̀, yálà ẹ ní in o tàbí ẹ kò ní in. TRS-Care ní tiẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó wà lábẹ́ Medicare níláti ní Part B, kó sì dì í mú. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú Part B kó lè fi owó pamọ́, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ já okùn àfikún náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé ọ̀nà mẹ́ta síbi kan

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ètò ilé ẹ̀kọ́. Bí àjọ bá ń bá yín san apá kan tó nípọn, tí àwọn dókítà yín sì wà níbẹ̀, ó ṣòro kí ohun tó wà lọ́jà tó dára jù ú.

Ọ̀nà kejì ni Medigap, àfikún tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń tà fún ẹni tó wà lórí Medicare àbáláyé, ìyẹn Part A àti Part B tí ìjọba ń ṣe. Dókítà èyíkéyìí tó bá ń gba Medicare, níbikíbi ní Amẹ́ríkà, lẹ lè lọ bá, kò sí pé kí ẹnikẹ́ni tún máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Owó oṣù rẹ̀ ló wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ló bò, ìyàwó tàbí ọkọ á ra tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni Medicare Advantage tí ẹ rà fúnra yín. Owó oṣù rẹ̀ lè kéré tàbí kó má sí rárá, ó lè fi eyín àti awò kún un. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń san díẹ̀díẹ̀ níbi tí ẹ bá lọ, dókítà tó wà lákọsílẹ̀ wọn lẹ máa lò, wọ́n sì lè ní kí dókítà tọrọ àṣẹ kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí àyẹ̀wò kan. Gbèdéke ohun tí ẹ lè san lọ́dún lọ́dọ̀ àwọn dókítà inú àkọsílẹ̀ lè ga tó $9,250. Ẹ ka iye yẹn bíi owó tí ẹ gbọ́dọ̀ lè rí sọ kalẹ̀ ní ọdún tí àìsàn bá dé.

Tí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì dókítà, ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ ń gba Medicare?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn náà kò sì wúlò. Ẹ ka orúkọ ètò náà tán pátápátá bó ṣe wà lórí ìwé, kí ẹ bi ẹni tó ń ṣe owó níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbé fóònù nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lẹ́tà Medigap

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe Medigap: A, B, D, G, K, L, M, N. C àti F ti kúrò lọ́jà fún ẹni tó wọ Medicare láti January 1, 2020. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìtọ́jú tí G ilé iṣẹ́ kan bò kò yàtọ̀ sí ti G ilé iṣẹ́ kejì. Owó rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Massachusetts, Minnesota àti Wisconsin nìkan ló ní ètò tiwọn. Ẹni tó bá ń sọ pé G tòun "dára jù", ẹ bi í pé èló ni.

Lẹ́tà G ń san gbogbo àlàfo àfi $283 ti Part B. Màmá wa ti òkè yẹn ì bá san $283 dípò $2,762.40. Lẹ́tà N dín lówó, ṣùgbọ́n ẹ lè san tó $20 nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lọ rí dókítà, àti tó $50 tí ẹ bá lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì tí wọn kò dá yín dúró. N kì í sì í san èlé tí dókítà tí kò fara mọ́ iye owó Medicare lè bù lé e, èyí tó lè tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Ohio àti Pennsylvania kò gba dókítà láyè láti bu èlé náà. Ká ní N fi $30 dín sí G lóṣù: $360 lọ́dún nìyẹn, èyí tó jẹ́ ìrìn 18 sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí kì í lọ tó bẹ́ẹ̀ á jèrè N, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru pa pọ̀, tó ń rí dókítà mẹ́ta, kó mú G.

Kí ẹ tó wo iye owó, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi kún un. Àwọn kan ń gba iye kan náà lọ́wọ́ gbogbo ọjọ́ orí. Àwọn kan ń lo ọjọ́ orí tí ẹ fi wọlé. Àwọn kan ń fi kún un bí ẹ ṣe ń dàgbà, èyí ló máa ń pọ́ọ́kú jù ní 65 tó sì máa ń fọwọ́ gba ni létí ní 80. Ẹ béèrè iye tí ẹni ọdún 75 àti 80 ń san lónìí lórí èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ilẹ̀kùn tó ń tì

Oṣù 6 péré, láti oṣù tí ẹ bá ti pé 65 tí ẹ sì ti ní Part B, ni ilé iṣẹ́ Medigap kò lè kọ̀ yín nítorí àìsàn, kò sì lè torí rẹ̀ bu owó lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè bi yín nípa ọkàn, ṣúgà, jẹjẹrẹ, kí wọ́n sì sọ pé àwọn kò gbà. New York àti Connecticut wà lára àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbà yín nígbàkígbà. Ìforúkọsílẹ̀ October 15 sí December 7 tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn Medigap. Ti Medicare Advantage àti Part D ni.

Bí ètò ilé ẹ̀kọ́ tó ń san lẹ́yìn Medicare bá parí mọ́ yín lọ́wọ́, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jáde, ọjọ́ 63 lẹ ní láti ra Medigap láìsí ìbéèrè ìlera. Ẹni tó bá wọ Medicare láti 2020 lè fi ẹ̀tọ́ yìí ra A, B, D, G, K tàbí L. N kò sí nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún yín pé ètò náà ti parí, torí òun ni ẹ̀rí yín. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kì í sábà ní ẹ̀tọ́ yìí.

Ẹni tó mú Medicare Advantage ní ìgbà àkọ́kọ́ tó pé 65 ní oṣù 12 láti dán an wò kó sì padà sí Medigap. Ẹ kọ ọjọ́ tí oṣù kọkànlá pé sára kàlẹ́ńdà.

Ìgbésẹ̀ keje: Oògùn

Medigap kì í san oògùn. Ẹ ra Part D bí ètò ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní in. Ẹ lọ sí medicare.gov, ẹ tẹ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye tí ẹ ń lò lóṣù, bó ṣe wà lára ìgò, kí ẹ fi ilé oògùn yín kún un. Àròpọ̀ ọdún kan ni kí ẹ wò, kì í ṣe owó oṣù. Owó tí ẹ máa san lórí oògùn tó wà lábẹ́ ètò yín kò lè ju $2,100 lọ lọ́dún, ínsúlínì kò sì lè ju $35 lọ lóṣù.

Ọdọọdún ni ètò ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ tó sọ bóyá oògùn tí wọ́n ń bá yín san tó ti Medicare. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá ju ọjọ́ 63 lọ láìní irú rẹ̀ yóò san ìtanràn. Oṣù 24 jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún $38.99, ohun tó lé ní $9 lóṣù, títí lọ.

Wàyí o, ẹyin lohùn. Ẹnì kan lè pè lórí fóònù, kó fi Part D tí kò ní owó oṣù lọ̀ yín, kí ẹ sì sọ pé "ó dáa." Bí ètò ilé ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ Medicare Advantage, kọ̀ǹpútà Medicare á yọ yín kúrò nínú rẹ̀ lójijì, torí ẹ̀yin ló dà bí ẹni tó yan òmíràn. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pè pé: "Mo ní ètò ilé ẹ̀kọ́, mi ò fẹ́," kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀.

Tí ẹ bá máa ń lọ sílé

Medicare kì í sanwó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Medigap D, G, M àti N (C àti F náà fún àwọn tó ti ní in) ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtọ́jú pàjáwìrì lókè òkun lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ $250, tí pàjáwìrì náà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò, $50,000 sì ni òpin rẹ̀ fún gbogbo ayé yín. Owó ìtọ́jú tó jẹ́ $3,250 ní Ìbàdàn, wọ́n á san $2,400 padà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san án. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ilé ìwòsàn, ọjọ́, àìsàn tí wọ́n tọ́jú àti iye owó lọ́kọ̀ọ̀kan. Rìsíìtì tó kàn kọ "owó ìtọ́jú" lápapọ̀ ni wọ́n máa ń dá padà. Ẹni tó bá ń lo ju oṣù mẹ́fà léraléra lọ nílé kó ṣọ́ra fún Medicare Advantage, torí wọ́n lè yọ ọ́ nítorí pé kò sí ní àdúgbò tí ètò náà bò.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i

Ẹ pe SHIP ìpínlẹ̀ yín, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí Medicare, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, wọn kì í sì í ta nǹkan kan. 1-800-633-4227 ni nọ́ńbà Medicare, wọ́n lè fi ẹni tó gbọ́ Yorùbá sórí fóònù tí ẹ bá béèrè. Bí owó tó ń wọlé bá kéré, ẹ béèrè nípa Medicare Savings Program àti Extra Help lọ́jọ́ kan náà, torí wọ́n lè bá yín san Part B àti oògùn.

Ẹ má fagi lé ètò àtijọ́ kí lẹ́tà ìgbàwọlé tuntun tó dé ọwọ́ yín pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ẹ fi lè dá Medigap tuntun padà kí wọ́n sì dá owó yín padà. Ẹ kó lẹ́tà ìgbàwọlé, lẹ́tà oògùn ọdọọdún, ẹ̀dà CMS-L564 àti ìwé tí ẹ kọ ìdáhùn àjọ owó ìfẹ̀yìntì sí sínú fáìlì kan, kí ẹ sì fi ibi tó wà han ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín.